Yíyí fáìlì MTS inú kámẹ́rà fídíò padà sí MP4: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Kámẹ́rà fídíò àtijọ́ kan ni mo fi ya ìgbéyàwó àbúrò mi. Orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú káàdì rẹ̀ ni 00000.MTS, 00001.MTS, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, fóònù màmá wa kò sì ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Mo fi HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń yí fídíò padà, yí èyí àkọ́kọ́ padà sí MP4, ó gba wákàtí méjì, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ kò mọ́ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe, iṣẹ́ tí kò pọn dandan ni ẹ gbé fún kọ̀ǹpútà. AVCHD, ètò tí Sony àti Panasonic gbé jáde ní ọdún 2006, ló ń lo fáìlì MTS. H.264, ọ̀nà kan tí a ń gbà fún àwòrán pọ̀ kí ó má baà gba ààyè púpọ̀, ni àwòrán inú rẹ̀, H.264 yìí kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ MP4 tí fóònù ń ṣí lójoojúmọ́. Àpótí tí àwòrán wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a pààrọ̀, bí ìgbà tí a bá da gàrí láti inú àpò sínú ike. HandBrake kì í ṣe irú èyí. Ṣe ló máa ń tú àwòrán palẹ̀ tí á tún un tò, ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ tí àwòrán sì dín kù. Ẹ lo FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ darí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ sí Windows) nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ tẹ ìlà yìí:

ffmpeg -i 00000.MTS -c:v copy -c:a aac -b:a 192k igbeyawo.mp4

Ọ̀rọ̀ náà «copy» ni kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan àwòrán. Ohùn ni mo ní kí ó yí padà, nítorí AC-3, irú ohùn kan tí kì í ṣe gbogbo fóònù ló lè gbé e jáde, ni AVCHD sábà máa ń lò, àwọn fóònù kan sì wà tí yóò fi àwòrán hàn tí ohùn kò ní jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà.

Ìbéèrè: Níbi tí fáìlì kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ohùn já, àárín àdúrà bàbá ìyàwó gan-an ló sì bọ́ sí.

Ìdáhùn: FAT32, ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí káàdì, ni wọ́n fi ṣètò ọ̀pọ̀ káàdì, kò sì lè gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ. Bí òde bá gùn, kámẹ́rà á pa fáìlì kan dé, á ṣí òmíràn, láìdá iṣẹ́ dúró. Bí a bá wá yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àpá náà ló máa ń já. Ẹ kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀:

ffmpeg -i "concat:00000.MTS|00001.MTS" -c:v copy -c:a aac -b:a 192k adura.mp4

Èyí wà fún àwọn tí kámẹ́rà gé fúnra rẹ̀ nìkan. Láti mọ̀ wọ́n, ẹ wo ìwọ̀n wọn: èyí tó ṣáájú á ti kún dé òpin. Ẹ má sì ṣe kó MTS nìkan kúrò lórí káàdì bí èmi náà ti ṣe nígbà kan. Ẹ kó gbogbo fódà AVCHD, torí pé inú PLAYLIST tó wà níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn wà.

Ìbéèrè: Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jó, ìlà wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà máa ń yọ létí aṣọ wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Ìdáhùn: 50i ni kámẹ́rà yín fi yà á: ìlàjì àwòrán ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá sì ń rìn á ti kúrò lójú kan kí ìlàjì kejì tó dé. Tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kí ìlà náà tó lè kúrò nínú fáìlì fúnra rẹ̀, ó di dandan kí ẹ tún àwòrán tò, ibí sì ni HandBrake ti wúlò: ẹ tan Deinterlace (ohun tó ń pa ìlàjì méjèèjì pọ̀), kí ẹ fi RF, nọ́ńbà tí a fi ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, sí 18.

Ìbéèrè: Iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, MP4 náà kò sì ṣí mọ́.

Ìdáhùn: Ìparí ni MP4 máa ń kọ atọ́ka rẹ̀, bí kò bá sì sí atọ́ka, àwọn ètò tí a fi ń wo fídíò kì í sábà lè ṣí i. Ẹ tún un ṣe láti orí MTS, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ .mkv dípò .mp4 lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Bí iná bá tún lọ, ibi tí iṣẹ́ dé á ṣì ṣeé wò. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí káàdì títí ẹ ó fi wo fídíò náà tán.