Bí ímeèlì kan ṣe lè dé ọ̀dọ̀ igba èèyàn láì di méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Oṣù Kẹjọ ni àlejò máa ń ya wọ Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, ẹni tó bá sì ní adìrẹ tàbí ère láti tà gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Ká ní ẹ̀yin ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aládìrẹ. Àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ yín tó igba: ará Ògo-Olúwa wà níbẹ̀, ará Èkó wà níbẹ̀, àwọn tó wà ní Jámánì náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìwé ìpè, ẹ fi ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, oníbàárà kan pè yín pé mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ òun. Bí ẹ ṣe máa yẹra fún un nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí sáfà ń wò

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ yín, tó sì ń bá yín fi í jíṣẹ́. Kì í wo orúkọ tí ẹ kọ síwájú To tàbí Cc kó tó mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ, nítorí pé inú ìwé nìyẹn wà. Àpòòwé ló ń wò, àpòòwé yìí kì í sì í hàn lórí fóònù wa. Tí sáfà yín bá dé ọ̀dọ̀ sáfà kejì, á sọ MAIL FROM láti fi ẹni tó kọ̀wé hàn. Á wá sọ RCPT TO, ẹyọ kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà ń lọ bá. Lẹ́yìn èyí ni DATA, tí ìwé fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé, tí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo lórí ìlà tirẹ̀ á sì parí rẹ̀. Bí sáfà kejì bá dáhùn pé 250, ó ti gbà á nìyẹn, ọrùn sáfà yín sì ti mọ́. Ìdí rèé tí ẹni tí ẹ fi sí Bcc fi ń rí lẹ́tà gbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé: orúkọ rẹ̀ wà lórí àpòòwé.

Sáfà tó bá mọṣẹ́ kì í tún lẹ́tà kan náà gbé nígbà igba. Ohun tó wà lẹ́yìn @ ló fi ń ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, á wá béèrè lọ́wọ́ DNS, ìyẹn ìwé orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì, pé sáfà wo ló ń gba lẹ́tà fún orúkọ yẹn. MX ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Èèyàn mẹ́wàá tó ń lọ Ìbàdàn láti Old Garage, mọ́tò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ní iye èrò tó lè gbà. Ìlànà ímeèlì ti 2008 ní kí sáfà kọ̀ọ̀kan lè gba ó kéré tán èèyàn 100 lórí àpòòwé kan. Postfix, ètò kan tí sáfà fi ń gbé lẹ́tà, ní tirẹ̀, bí ẹ kò bá yí i padà, 50 ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ní 120 oníbàárà lórí Gmail, ìrìn mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa wà nínú méjì.

Ẹ tún orúkọ tò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Sáfà tó pọ̀ jù lọ á yọ àdírẹ́sì tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́lẹ́ kúrò. Èyí tí kò lè mọ̀ ni àdírẹ́sì méjì tó ń já sínú àpótí lẹ́tà kan. Gmail kì í ka àmì ìdánudúró tó wà ṣáájú @, bẹ́ẹ̀ ni kì í ka ohun tó bá tẹ̀ lé àmì +. Àpótí kan náà ni bimpe.aso àti bimpeaso lọ́dọ̀ Gmail, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni wọ́n lójú sáfà tiyín. Sáfà yín kò jẹ̀bi: ohun tó wà ṣáájú @, ẹni tó ni orúkọ ẹ̀yìn @ nìkan ló láṣẹ láti túmọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo àdírẹ́sì sínú Excel. Ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, ẹ pa àlàfo tó bá wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ́. Fún àwọn ti Gmail, ẹ ṣe òpó kejì tí ẹ ti yọ àmì ìdánudúró àti ohun tó tẹ̀ lé + kúrò, kí ẹ sì fi òpó yẹn wá àwọn tó bára mu. Ẹni tó bá ní Yahoo àtijọ́ àti Gmail tuntun, ojú yín nìkan ló lè mú un. Ẹ pè é, kó mú ọ̀kan.

Ẹ má fi ẹgbẹ́ lé ẹgbẹ́

Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kan, ìyẹn ẹyọ kan tó ń kó lẹ́tà lọ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wà fún àwọn oníbàárà, òmíràn wà fún àwọn olórin ọjọ́ ìpàtẹ, ẹnì kan sì wà nínú méjèèjì. Tó bá jẹ́ sáfà kan ló ń tú ẹgbẹ́ méjèèjì, ó lè rí i pé orúkọ yẹn wá lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọ̀kan bá wà lórí Google Groups, tí èkejì wà lórí sáfà yín, kò sí ẹni tó rí méjèèjì pọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, kódà bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn tó.

Ẹni tó bá ń lo Mailman, ètò tó ń bójú tó àdírẹ́sì ẹgbẹ́, ó ní ìtò kan tí kì í fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà ti ẹgbẹ́ bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú To tàbí Cc. Ẹ tan án. Ẹni tó bá ń lo Postfix, ẹ mọ̀ pé àdírẹ́sì àkọ́kọ́ pẹ̀lú èyí tó já sí ló ń wò pọ̀ kó tó pe nǹkan ní àsọtúnsọ. Tí àdírẹ́sì méjì bá já sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹ̀dà méjì nìyẹn. Ẹ kọ enable_original_recipient = no, kó lè wo ibi tí wọ́n já sí nìkan.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ẹ má tún un rán

Sáfà kejì ti gba lẹ́tà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìlà wá já kí 250 tó dé. Sáfà tó rán an kò mọ̀, á tún gbé e wá. Craig Partridge ti kọ nípa èyí ní 1988, nínú RFC 1047, ọ̀kan lára àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ nípa bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ní kí sáfà má pẹ́ kó tó dáhùn. Ìlànà 2008 ní kí ẹni tó rán an dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 fún ìdáhùn yẹn. Bó bá kùnà, kó má tún gbìyànjú kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, kó sì máa gbìyànjú títí di ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó pa á tì. Ṣé ẹ rí i pé sáfà ń ní sùúrù jù wá lọ? Ẹ wo Outbox, níbi tí lẹ́tà tí kò tíì jáde wà, kí ẹ tó tún tẹ ohunkóhun.

Bí ẹnì kan bá ṣì gba méjì

Ẹ ní kó ṣí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kó mú "Show original" lórí Gmail, kó wá ka Message-ID, àmì ìdánimọ̀ ìwé náà, sí yín létí. Tí Message-ID bá yàtọ̀, ìwé méjì ni wọ́n: ẹnì kan, tàbí ẹ̀rọ kan, ló rán an lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ojú ọ̀nà ni ìwé kan ti di méjì. Kó wá ka àwọn ìlà Received, tó ń sọ sáfà tí lẹ́tà gbà kọjá, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nínú ẹ̀dà méjèèjì. Sáfà tó kẹ́yìn tí wọ́n jọ gbà kọjá ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín lọ́dọ̀ rẹ̀.