Ọ̀rọ̀ àṣìṣe lásán la tún kọ, iṣẹ́ bá dàrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ iṣẹ́ wa kan sọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ètò wa ń gbé jáde bí ìsopọ̀ bá pa, ìyẹn "connection closed" di "connection has been closed" nínú fáìlì tí gbogbo kóòdù wa jọ ń lò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa sí i, mo bá fọwọ́ sí i. Nígbà tó dalẹ́, apá tó máa ń tún ìsopọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì lo wò, o ò wo ẹni tó ń kà á. Kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń ka ọ̀rọ̀ àṣìṣe, kóòdù mìíràn náà ń kà á. Lọ wò ó, wàá rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí "connection closed" bá wà nínú àṣìṣe, kí ó tún gbìyànjú. "Has been" ti wọ àárín, kò rí i mọ́.

Má bínú sí ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Nínú Go, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò, ó pẹ́ tó jẹ́ pé gbólóhùn "use of closed network connection" ni àwọn ètò ń wá kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti ti ìsopọ̀ pa. Àwọn tó ń tọ́jú Go fúnra wọn kọ ìkìlọ̀ sínú kóòdù pé kí gbólóhùn náà wà bó ṣe wà. Ìgbà tí Go 1.16 dé ní oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé net.ErrClosed síta, orúkọ kan pàtó fún àṣìṣe náà, tí errors.Is, irinṣẹ́ Go tó ń yẹ irú àṣìṣe wò, fi lè dá a mọ̀ láìka lẹ́tà kankan.

Ìbéèrè: Ṣé ká má tún ọ̀rọ̀ kankan kọ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ tún un kọ. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí i, fi git grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo fáìlì kóòdù, wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà, pàápàá ààbọ̀ rẹ̀, torí ààbọ̀ ni àwọn èèyàn sábà máa ń kọ. Wá a nínú test (kóòdù tó ń dán ètò wò), wá a nínú òfin tó ń ṣọ́ log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe). Lẹ́yìn náà, ẹ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tàbí orúkọ tí kì í yí. PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ń pe ohun tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì níbi tí kò yẹ ní 23505, èdè yòówù kó fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìtumọ̀ Yorùbá ibẹ̀ náà ti pòórá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde.

Ìdáhùn: Ó ní láti jẹ́ gettext, irinṣẹ́ tó ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ètò jáde, lẹ̀ ń lò. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wá ìtumọ̀. Kọ́mà kan péré tó láti bà á jẹ́. msgmerge, irinṣẹ́ gettext tó ń mú fáìlì ìtumọ̀ bá ọ̀rọ̀ tuntun mu, á lẹ àmì fuzzy (pé kò dájú) mọ́ ìtumọ̀ àtijọ́, msgfmt, èyí tó ń sọ fáìlì náà di ohun tí ètò lè kà, á sì fò ó. Gbé fáìlì .po, ibi tí ìtumọ̀ wà, fún olùtumọ̀ yín kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó yọ fuzzy kúrò, kẹ́ ẹ tó tún gbé e jáde.