Òtútù Chicago Kì Í Ṣe Ọyẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tí A Ti Ilé Wá

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe nípa ìgbà òtútù Chicago kì í ṣẹlẹ̀ ní Chicago rárá. Ilé ni a ti máa ń ṣe é, nígbà tí a bá ń di ẹrù, tí ẹnì kan kìlọ̀ fún wa pé kí a múra sílẹ̀ de òtútù, tí a sì dá a lóhùn pé ọyẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Òótọ́ ni pé ọyẹ́ ń mú. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá wa láti ìparí oṣù kọkànlá, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, àwọn àgbà á sì wé aṣọ mọ́ra ní ìdájí. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí òtútù ìdájí bẹ́ẹ̀ tó já sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n Celsius 15 ní Ìbàdàn, bí oòrùn bá sì ti gòkè tán, oníkálukú á bọ́ swẹ́tà rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago dé ìwọ̀n Fahrenheit 23 ní ìsàlẹ̀ òdo, èyí tí í ṣe nǹkan bí 31 ní ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Fírísà tí a fi ń tọ́jú ẹran nínú ilé, ìwọ̀n Fahrenheit 0 ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tí ó dúró ní ìta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà wà nínú òtútù tí ó ju ti ẹran inú fírísà rẹ̀ lọ.

Láti inú fífi ọyẹ́ wé òtútù yìí ni àṣìṣe tí ó léwu jù ti ń wá, ìyẹn gbígbẹ́kẹ̀lé oòrùn. Níbi tí a ti wá, oòrùn àti ooru kì í ya ara wọn. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan ti rí èkejì. Ní Chicago, ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere ní oṣù kìíní gan-an ni òtútù sábà máa ń mú jù, nítorí pé ìkúùkù ni ó máa ń bo ilẹ̀ bí aṣọ ìbora tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ lóru. Bí kò bá sí ìkúùkù, ooru á lọ, oòrùn òwúrọ̀ tí kò gòkè púpọ̀ kò sì ní agbára láti dá a padà. Mo jẹ nínú ìyà yìí ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí oòrùn tí ń tàn yòò lórí òjò dídì, mo sì gbé ìdọ̀tí jáde pẹ̀lú sálúbàtà àti ẹ̀wù ilé, torí mo rò pé ìṣẹ́jú kan ni. Ìlẹ̀kùn pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn mi, kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí tábìlì. Kí aládùúgbò kan tó wá ṣílẹ̀kùn fún mi, n kò mọ etí mi lára mọ́, n kò sì lè ká ìka ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà méjì ni mo máa ń wò kí n tó jáde: ìwọ̀n òtútù fúnra rẹ̀, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe mú kí ó rí lára, nítorí pé afẹ́fẹ́ a máa gbá ooru tí ara ti kó jọ lọ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìka tàbí etí kú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì bí eérú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì nà án sí iná, nítorí pé ara tí kò mọ nǹkan kan mọ́ kò ní mọ ìgbà tí iná bá ń jó o. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rì í sí, kí ẹ sì wá dókítà lọ. Àwọn kan gbà pé ọtí líle ni oògùn òtútù. Irọ́ ni. Ọtí a máa ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí awọ ara, ooru inú á gba ibẹ̀ jáde, ẹni náà á sì máa rò pé ara òun ń móoru nígbà tí òtútù ń wọ inú rẹ̀ lọ.

Ní ti aṣọ, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra kóòtù ńlá kan, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti múra. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín aṣọ kan àti èkejì ni ó ń dá ooru dúró, nítorí náà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta ṣe é gbára lé ju aṣọ nínípọn kan lọ. Èyí tí ó bá fara kan awọ kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, nítorí pé òwú a máa mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Bí ẹni tí ó sáré lé bọ́ọ̀sì bá ti làágùn tán, aṣọ tútù ni ó kù sí i lára. Irun àgùntàn ṣì ń móoru bí ó tilẹ̀ rin. Ìbọ̀wọ́ tí ó kó ìka mẹ́rin pọ̀ sójú kan sàn ju èyí tí ó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Bàtà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fún, bí ó ti wù kí ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ tó, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè yí ká nínú rẹ̀ á dì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra kóòtù dáadáa ní owó pọ́ọ́kú, kí ó dúró di ìparí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, nígbà tí àwọn olùtajà bá fẹ́ kó ọjà òtútù kúrò nílẹ̀, kí ó sì rà á de ọdún tí ń bọ̀.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba àwọn òde àríyá wa. A máa ń ṣe ìkómọ, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún àti ìgbéyàwó ní àárín oṣù kejì, a máa ń wọ léèsì, a máa ń wé gèlè tí etí méjèèjì wà ní ìta, a ó sì wọ bàtà tí ìka ẹsẹ̀ yọ jáde, pẹ̀lú èrò pé láti inú ọkọ̀ dé inú gbọ̀ngàn kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Gbọ̀ngàn kò léwu. Ọkọ̀ tí ó bá kọṣẹ́ lójú títì ní agogo méjì òru ni ó léwu. Kí kóòtù, bàtà òtútù, fìlà àti aṣọ ìbora wà nínú búùtù ọkọ̀. Wọn kò ní ba ẹwà aṣọ ẹbí jẹ́ níbẹ̀.

Nínú ilé, àṣìṣe tí ó ń gba ẹ̀mí ni dídá iná tí kì í ṣe ti ilé. Ẹni tí ó ti fi èédú dáná láti kékeré kò rí ohun tí ó burú nínú gbígbé ìkòkò èédú sí àárín yàrá, tàbí nínú ṣíṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì sílẹ̀ kí ilé lè móoru. Ní ilé wa ní ìlú ìbílẹ̀, fèrèsé ṣí, atẹ́gùn ń wọlé. Ilé Chicago ní ìgbà òtútù dé gádígádí, carbon monoxide, gáàsì olóró tí ó ń jáde láti inú iná bẹ́ẹ̀, kò sì ní àwọ̀, kò ní òórùn. Oorun ni àwọn tí ó wà nínú ilé máa ń rò pé ó ń kun àwọn. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì kí ó lè gbóná, tàbí tí òjò dídì bá dí ẹnu páìpù èéfín ọkọ̀ tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ayálégbé tí ilé rẹ̀ tutù kò nílò láti máa fi èédú ṣe ọgbọ́n. Òfin ìlú Chicago sọ pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, onílé tí ó bá ń pèsè ooru gbọ́dọ̀ jẹ́ kí inú ilé tó ìwọ̀n Fahrenheit 68 ní ọ̀sán àti 66 ní òru. Bí onílé bá kọ̀, 311 ni nọ́ńbà tí a ń pè láti fẹjọ́ sùn.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an, nítorí pé oṣù Kejìlá ni a máa ń lọ sílé. Ẹni tí ó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Èkó á ro owó gáàsì, á sì pa ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Omi tí ó wà nínú páìpù á dì, omi tí ó bá sì dì a máa fẹ̀ sí i, páìpù á bẹ́. Nígbà tí ó bá yọ́, ilé á kún fún omi, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé láti pa á. Mo mọ ẹnì kan tí ó ti orí ijó ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ gbọ́ pé àjà ilé òun ti wó lulẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ náà sí nǹkan bí ìwọ̀n Fahrenheit 55, kí a ti omi pa láti orísun, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí yóò máa yẹ ilé wò lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gùn. Láàárín ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí àwọn títì ńlá kan ní Chicago láti agogo mẹ́ta òru sí agogo méje àárọ̀, yálà òjò dídì rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ gbígbẹ tí ó sì rò pé òfin ti sùn, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ń gbé ọmọ sínú àga rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ bọ́ kóòtù fùkẹ̀fùkẹ̀ lára rẹ̀ kí ẹ tó de bẹ́líìtì, nítorí pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kóòtù á súnkì, bẹ́líìtì á sì dẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó lókè bẹ́líìtì.

Ẹsẹ̀ rínrìn pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ya òjò dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín, ó sì yẹ kí ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Òjò dídì tuntun a máa gba ẹsẹ̀ bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti yọ́ lọ́sàn-án tí ó tún dì lóru ti di yìnyín tí ó mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà títì ni ojú ń rí. Ìṣísẹ̀ kúkúrú ni kí a gbé, kí ọwọ́ má sì wà nínú àpò.

Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí agogo mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn tí ó sì ń bọ̀ nínú òkùnkùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́kàn láìmọ ìdí, àṣìṣe ni kí ó sì máa pe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tá ilé. Kí ó jáde lọ́sàn-án, kí ó má ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ènìyàn, kí ó sì sọ fún dókítà kí ó yẹ ìwọ̀n fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé awọ dúdú ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kí ó tó lè ṣe é, oòrùn ibí kò sì tó nǹkan ní ìgbà náà.

Inú òkùnkùn yìí ni a máa ń wà tí a fi ń ṣe ìdájọ́ lórí ìgbà tí a fẹ́ràn jù nínú ọdún, ìdájọ́ náà kì í sì í gún. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí kò bá sì tíì lo ọdún kan gbáko ní Chicago kò tíì dé oko. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa ni a máa ń yan ìgbà ooru, bí ẹni pé ooru kì í pa ọmọ Adúláwọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru pa ènìyàn tí ó ju 700 lọ ní ìlú yìí láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tí ó ń dá gbé. Àwọn mìíràn yan ìgbà ìrúwé, wọ́n sì kó kóòtù sínú àpótí ní oṣù kẹta, òjò dídì oṣù kẹrin sì bá wọn lójú títì. Ní tèmi, ìgbà ìwọ́wé ni mo yàn, pàápàá oṣù kẹwàá, nígbà tí ewé igi bá pọ́n bí epo pupa tí afẹ́fẹ́ sì rí bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àṣìṣe kan ṣẹ́ kù tí mo ti ṣe, tí n kò ní ṣe mọ́. Nígbà tí ìyá mi bá pè mí ní oṣù Kejìlá pé ọyẹ́ ń mú àwọn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń ka nọ́ńbà òtútù ibí fún wọn. Yàrá wọn kò ní ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọjọ́ orí wọn sì ti kọjá àádọ́rin. Ní báyìí, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi òrí pa gìgísẹ̀. Àwọn náà á sì bi mí bóyá ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀.