Bí Ẹ Ó Ṣe Múra Ẹ̀kọ́ Òkèèrè Sílẹ̀ Nígbà Tí Òfin Físà Ń Yí Padà

Láti Agbowó dé Bódìjà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí èèyàn kò ní gbọ́ kí ọmọ kan sọ pé, "Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe é lọ́dún tó kọjá." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí wàhálà, nítorí pé òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí, èyí tí ẹ̀gbọ́n sì bá lọ lè ti di àná kí àbúrò tó gba ìwé ìgbaniwọlé. Nítorí náà, gbogbo òfin tí ẹ bá gbọ́, ẹ béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi ìwé sílẹ̀ wò ó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta: òfin, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ojú ìwé ìjọba tí ẹ ti kà á. Ojú ìwé ìjọba ni mo wí: gov.uk fún Ìlú Ọba, canada.ca fún Kánádà, travel.state.gov fún Amẹ́ríkà. Èmi kò kórìíra ájẹ́ńtì, àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ájẹ́ńtì tí kò bá lè fi ojú ìwé tí òfin wà hàn yín, ẹ má ṣe fi owó lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìlú Ọba ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ẹ̀kọ́ másítàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọdún 2024 tó dé lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ dání, ṣùgbọ́n fún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2024, àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé tàbí ẹ̀kọ́ olóyè gíga tó jẹ́ ti ìwádìí, àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn, nìkan ni ó kù fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni físà tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́: ọdún méjì ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2027 yóò gba oṣù 18 péré, àyàfi olóyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣì ní ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ másítàsì ọlọ́dún kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 yóò parí ní ọdún 2027, nítorí náà oṣù 18 ni tirẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba ọdún méjì. Ẹbí tó ń tà ilẹ̀ nítorí ìrìnàjò yìí nílò láti mọ èyí kí wọ́n tó tà á.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ àti ilé tí Ìlú Ọba ń béèrè jẹ́ £1,529 lóṣù fún ẹni tó máa kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti £1,171 fún ẹni tó máa kàwé níbòmíràn, fún oṣù mẹ́sàn-án ó pọ̀ jù. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £10,539, kí ẹ tó fi ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ kún un. Owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú àkọsílẹ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Nítorí pé náírà máa ń lọ sókè sódò sí pọ́n-ùn, ẹ jẹ́ kí owó yín ju iye tí wọ́n béèrè lọ dáadáa.

Mo jókòó ní pálọ̀ ìbátan mi kan ní Mọ́kọ́lá, àkọsílẹ̀ báńkì wà lórí tábìlì, mo sì ń fi rúlà lọ sísàlẹ̀ lórí ìlà owó tó ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, rúlà dúró. Bàbá ọmọ náà ti yọ owó fi ra ọjà, ó sì dá a padà ní ọjọ́ kejì, kò mọ̀ pé ó já sí nǹkan kan. Ọjọ́ kan yẹn ló mú wọn bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀kan, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá sì kọjá, ọmọ náà sún ìrìnàjò rẹ̀ di oṣù Kínní.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dun àwa Yorùbá. Bí àkáǹtì náà kò bá jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, tàbí ti ọkọ tàbí ìyàwó tí wọ́n jọ ń lọ ni Ìlú Ọba ń gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó tọ́ ọ láti kékeré, tí a ń pè ní bàbá láìfi ṣe eré, kì í ṣe òbí lójú wọn. Bí òun ló máa ná owó náà, kí ó fi í sínú àkáǹtì ọmọ ní àkókò tó ṣe é kà dé ọjọ́ 28. Ti òbí sì ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yàgò fún àwọn tó ń yáni ní àkọsílẹ̀ báńkì: àwọn òṣìṣẹ́ físà ń pe báńkì láti wádìí, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ayédèrú ìwé tàn wọ́n sì lè di ẹni tí wọn kò ní fún ní físà fún ọdún mẹ́wàá.

Ní Kánádà, ọ̀nà kíákíá tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ti dópin ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, owó ìgbé ayé ẹnì kan sì ti di dọ́là Kánádà 22,895 láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, yàtọ̀ sí owó ẹ̀kọ́ àti ọkọ̀. Lẹ́tà ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ Kánádà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, kò kan àwọn tó ń ṣe másítàsì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026. Ti Amẹ́ríkà le jù: àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn kan náà dá físà akẹ́kọ̀ọ́ F, M àti J dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kankan kí ẹ tó wò bóyá àṣẹ náà ṣì wà.

Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé Ìlú Ọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, kí owó ti pé ní báńkì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, yóò pé ọjọ́ 28 ní ọjọ́ 12 oṣù Keje. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ẹ̀yin ará Ìbàdàn máa lọ ṣe ní Èkó, wúlò fún oṣù mẹ́fà, ẹ má ṣe é ní kùtùkùtù jù. Ẹ tọrọ ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ yín ní yunifásítì kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló máa ń pẹ́. Kí ẹ sì tó san àsansílẹ̀ owó ẹ̀kọ́, ẹ ka ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sí bóyá wọn yóò dá owó padà bí físà kò bá jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san owó físà, ẹ tún ṣí ojú ìwé ìjọba náà, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, kí ẹ fi í wé ti inú ìwé kékeré yín. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ sanwó.