Bí Ará Èkìtì Ṣe Lè Ka Àwọn Ìwé Donald Keene Lórí Ilẹ̀ Japan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn, lítíréṣọ̀ àti àṣà ilẹ̀ Japan láti ọwọ́ òyìnbó kan ṣoṣo, Donald Keene ni mo máa ń tọ́ka sí fún un. Ìlú New York ni wọ́n bí i sí ní 1922, ó sì fi ohun tí ó lé ní 50 ọdún ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia kí ó tó di ọmọ ilẹ̀ Japan ní 2012. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó la ojú tirẹ̀, nítorí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n rí lára òkú àwọn ọmọ ogun Japan wà lára ohun tí ó ń kà fún àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé rẹ̀ lórí Ọba Meiji, tí ó ju ojú ìwé 800 lọ. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún méjì ni mo fi ń gbé e sílẹ̀ tí mo tún ń gbé e. Anthology of Japanese Literature, àkójọ tí ó jáde ní 1955, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé ewì, ìtàn àti eré oníṣe wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè ka ewì mélòó kan kí wọ́n tó gún iyán tán.

Bí ẹ bá kan ewì Basho, akéwì ilẹ̀ Japan àtijọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ Japan rẹ̀ gan-an, kí ẹ pè é sókè: furuike ya, kawazu tobikomu, mizu no oto. Ẹ fi ìka kà á, sílébù 5, 7 àti 5 ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó bẹ́ sínú adágún àtijọ́, tí omi sì dún. Tó bá jẹ́ àwa ni, a ó ti fi “jàbú” sí i. Fáwẹ́lì ni ó sábà máa ń parí sílébù wọn bíi tiwa, nítorí náà ahọ́n wa kò ní í kọsẹ̀. Òǹkà 5, 7, 5 yẹn ni Keene pa tì nínú Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè di ìtumọ̀ mú.

Orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn. Ìṣèjọba ọba ni wọ́n sì fi ń ka ọdún, bí àwọn bàbá wa ní Adó ṣe ń sọ pé “láyé Ewì báyìí”: Meiji jẹ́ 1868 sí 1912.

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé kékeré kan, kí Japan wà lápá kan, kí Èkìtì wà lápá kejì. Ní 1877, ọ̀gágun Saigo Takamori kó àwọn jagunjagun Satsuma, agbègbè kan ní gúúsù Japan, dìde sí ìjọba, lẹ́yìn tí ìjọba ti fòfin de idà gbígbé, tí ó sì ti fòpin sí owó tí ó ń san fún wọn. Ọdún yẹn náà ni a sábà máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjì sí, nínú èyí tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti kọ àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Tiwọn ń jà kí ipò àtijọ́ má bọ́ lọ́wọ́ wọn, tiwa ń jà kí àjàgà bọ́ lọ́rùn.

Lójú tèmi, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn aláṣẹ ni Keene mọ̀ jù. Àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìwé kékeré yín bá ti kún dáadáa, ẹ padà sí ìwé Meiji náà, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ Saigo wà.