Ẹ kọ́ èdè kí ẹ tó wàásù: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń lọ sí pápá lókè òkun

Oṣù karùn-ún tí mo dé pápá iṣẹ́ ìhìnrere ni wọ́n ní kí n ṣe àdúrà ìparí ìsìn. Èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, mo sì rò pé ìyẹn á mú un rọrùn fún ọmọ Yorùbá. Mo kọ àdúrà náà sínú ìwé, mo há a sórí láti alẹ́ Sátidé. Ibi tí mo ti fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ń gbọ́ wa, ohùn mi wálẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè, ni mo bá kéde fún ìjọ pé Ọlọ́run ń sùn. Ẹnì kan kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn pariwo "Àmín!"

Ọmọdé kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló wá sọ ohun tí mo sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn. Kì í ṣe àṣìsọ náà ló dùn mí jù, àmín yẹn ni. Ó ti mọ́ wọn lára láti máa ṣe àmín sí ohunkóhun tí àlejò bá sọ, ó yé wọn o, kò yé wọn o. Bí ẹ bá ń múra àtilọ, àmín ọ̀wọ̀ yìí ni kí ẹ máa bẹ̀rù, kí ẹ sì fi ọdún àkọ́kọ́ yín wá bí ẹ ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ti ìwé kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi físà ìbẹ̀wò wọ ìlú onílùú láti lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní físà ọ̀tọ̀ fún òṣìṣẹ́ ẹ̀sìn, wọ́n sì lè dá ẹni tó bá parọ́ padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ wo ìwé ìrìnnà yín: ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní í gbà á bí ohun tó kù kí ọjọ́ rẹ̀ pé kò bá tó oṣù 6. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, torí káàdì náà kò tíì wúlò kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìwé wọ̀nyí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ó tán.

Èdè ló kù, òun ló sì gùn. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ àwọn aṣojú wọn lédè, ti ka iye wákàtí tó ń gbà. Fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì ni Faransé; Lárúbáwá tàbí èdè àwọn ará Ṣáínà ń lọ sí 2,200. Bí ẹ bá ń fi wákàtí mẹ́rin sí i lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 2,200 yẹn ju ọdún méjì lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta tó, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Olùkọ́ tó dára kì í ṣe ẹni tó kàwé jù. Ẹni tí kò ní í dákẹ́ bí ẹ bá ṣì í sọ ni. Tèmi jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, torí náà kò sí bí mo ṣe lè fi ọwọ́ júwe ohun tí ẹnu mi kò lè sọ. Bí mo bá ti ṣi ohùn lò, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, kó! Kò ní í sọ èyí tó yẹ fún mi. Èmi ni màá máa wá a kiri títí ọ̀pá á fi dákẹ́. Mo ti ka kíkan 63 rí lórí ìkíni lásán.

Bí mo ṣe ń ṣe é lójúmọ́ nìyí. Láàárọ̀, ẹ mú gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré tí ẹ máa nílò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Jòhánù orí kìíní ṣì ń dúró dè yín. Tèmi àkọ́kọ́ ni: "Ẹ ǹlẹ́ o. Mò ń kọ́ èdè yín. Ibi tí mo gbọ́ mọ nìyí. Màá tún padà wá lọ́la." Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ sọ ọ́ sórí fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ṣe máa ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe bó ṣe ń rọra bá àlejò sọ̀rọ̀. Ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀lé ohùn náà títí ẹnu yín àti tirẹ̀ á fi jọ máa rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde, kí ẹ sọ ọ́ fún ọgbọ̀n èèyàn kí oòrùn tó wọ̀. Ọgbọ̀n ni mo wí, kì í ṣe mẹ́ta. Lọ́dọ̀ ẹnì kẹwàá ni ahọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ̀. Bó bá dalẹ́, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn sílẹ̀, kí ẹ fi àmì sí i. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà mọ ìdí rẹ̀. (Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ronú pìwà dà.) Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, bẹ́ẹ̀ èdè abínibí rẹ̀ ni o, síbẹ̀ ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó jáde.

Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá bí oore-ọ̀fẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, ẹ má ṣe hun wọ́n fúnra yín. Ẹ dúró dè wọ́n. Oṣù kẹwàá ni mo tó rí èyí tí mò ń lò fún ìdáríjì. Aládùúgbò méjì ń fa owó kan mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó ti lé lọ́dún kan. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n jẹ lówó fa ìwé àdéhùn yọ nínú àpò rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí nínú ìjọ. Mo sáré tọ ìyá lọ, mo sọ ọ́ fún un. Ọ̀pá kò dún. Èyí tí àwa ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò ju "gbàgbé" lọ, ẹni tó sì gbàgbé lè rántí.

Títí èdè á fi dé, ògbufọ̀ ni. Ẹ fún un ní ìwàásù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ máa gé gbólóhùn kúrú. Mo fi ogún ìṣẹ́jú sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá rí, ògbufọ̀ mi fi mẹ́rin parí rẹ̀, àwọn èèyàn sì sunkún. Títí dòní, n kò mọ ohun tó sọ. Ẹ má sì fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀, bó ti wù kó yára gbọ́ èdè tó; ọ̀rọ̀ àgbà wúwo fún un.

Wàhálà kejì ń ti ilé wá. Ní oṣù kẹta mi, ìjọ kan tó ń gbé mi ró béèrè iye ọkàn tí mo ti jèrè. Mo fèsì pé mo ti lè béèrè ọ̀nà. Láti oṣù náà, owó wọn kò dé mọ́. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n kò sọ fún wọn kí n tó lọ. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní ọdún méjì àkọ́kọ́ lè má ní iye kankan. Ẹ sọ ti William Carey fún wọn, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Íńdíà ní 1793, tó jẹ́ pé ìparí 1800 ló tó rí ẹlẹ́sìn Híńdù àkọ́kọ́ rì bọmi. Adoniram Judson, míṣọ́nnárì ọmọ Amẹ́ríkà, dé ilẹ̀ Burma (Myanmar òde òní) ní 1813. 1819 ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà. Àwọn méjèèjì kò ṣọ̀lẹ o, inú èdè ni wọ́n wà. Lẹ́tà àdúrà yín, ojú ìwé kan lóṣù tó: ohun kan tí ẹ rí, ohun kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín bẹ Ọlọ́run fún. Ẹ má fi àwòrán ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀. Níbòmíràn, orúkọ lásán lè kó èèyàn sí wàhálà. Owó ọkọ̀ tí ẹ ó fi padà sílé, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹrìnlá, ara ìyá àgbà náà kò yá, ó ní kí n wá gbàdúrà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. N kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Mo gbàdúrà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀pá kò dún, mo rò pé ó ti sùn. Mo ní "Àmín." Òun kò ṣe é. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó táràrà wá ọ̀pá, ó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í pé ibo ni mo ti ṣì í. Ó ní láti "Baba wa."