Ẹ̀rọ AED ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: A ra ẹ̀rọ AED, èyí tó ń fi iná mànàmáná mú ìlù ọkàn tó dàrú bọ̀ sípò, fún ilé-ìwé wa ní Kubwa, l'Ábújá. Ó ti ń dún pí-pí láti ìjẹta. Ṣé iná NEPA tó ń ṣe ségesège ló bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Bátìrì tirẹ̀ ló ń lò, ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí à ń sájì. Ẹ̀rọ yìí máa ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ó bá rí àléébù, á dún, tàbí kí àmì ara rẹ̀ yí padà. Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì, kí ẹ tó wo ọjọ́ ìparí lílò tó wà lára àpò páàdì, ìyẹn àwọn ohun pẹlẹbẹ tí iná ń gbà wọ ara, nítorí oje tó ń mú páàdì lẹ̀ mọ́ àyà máa ń gbẹ. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjèèjì tí kò dákẹ́, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ bátìrì sílẹ̀ torí ariwo.

Ìbéèrè: Ọ́fíìsì ọ̀gá la tì í mọ́, kí wọ́n má baà jí i. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò dára rárá. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró tàbí tó lo ẹ̀rọ, ìrètí pé yóò yè ń fi nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kí ni a ó ṣe bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ há mọ́ Berger? Orí pápá ni Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú sí, tó sì kú, ní Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ẹni ọdún 25 péré. Ọmọ ilé-ìwé tí ara rẹ̀ le náà lè ṣubú bẹ́ẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá bà á láyà. Nítorí náà, ẹ gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó súnmọ́ pápá, níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì àti ìyá olóúnjẹ pàápàá ti lè fà á yọ. Àpótí tó ní ìdérí ti tó fún eruku ọyẹ́. Àmọ́ ẹ má fi í sínú bọ́ọ̀sì tó wà nínú oòrùn oṣù Kẹta, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ wà níbi tí ooru ti ju ìwọ̀n Celsius 50 lọ.

Ìbéèrè: Páàdì àgbà nìkan la ní. Ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́?

Ìdáhùn: Páàdì ọmọdé ló yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ wá a rà. Bí kò bá sí lọ́jọ́ náà, ẹ lo ti àgbà: ọ̀kan ní àyà, ìkejì ní ẹ̀yìn, kí wọ́n má kan ara wọn. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀rọ náà kò ní ta iná bí ọkàn ọmọ náà kò bá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìrí-èémí ló sábà máa ń mú kí ọkàn ọmọdé dáwọ́ lílù dúró, nítorí náà kí ẹnì kan ti máa tẹ àyà rẹ̀, kí ó sì máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹ̀rọ tó dé.